Èkan Ni Ká Fi Ṣáájú: Ọ̀rọ̀ lórí Ohun Ọ̀gbìn Abolẹ̀

Láti ọdún 1922 títí dé 1951, àwọn onímọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀ ìjọba amúnisìn ṣe àdánwò kan ní Moor Plantation, n'Íbàdàn, tó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nípa oko dídá nílẹ̀ Yorùbá mọ̀ nípa rẹ̀. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá a lè máa gbin nǹkan sí ojú ilẹ̀ kan náà lọ́dọọdún, láìfi í sílẹ̀ kó padà di igbó, kí ilẹ̀ náà má sì ṣá. Lára ohun tí wọ́n fi dán an wò ni irú ẹ̀wà kan tó ń fà nílẹ̀, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní mucuna. Ọmọ ìyá wèrèpè inú igbó ni, àmọ́ irun tó ń yún ènìyàn lára kò sí lára èyí tí wọ́n ń gbìn. Bí wọ́n bá ti kórè ohun ọ̀gbìn àkọ́rọ̀ tán, wọn a gbin mucuna, wọn a jẹ́ kó bo ilẹ̀ bámúbámú, wọn a wá kọ ilẹ̀ dà lé e lórí kó lè jẹrà sínú iyẹ̀pẹ̀. Ilẹ̀ tí wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí ń so ju èyí tí wọ́n kàn ń lò ṣáá láìfún un ní nǹkan kan. Síbẹ̀, àwọn àgbẹ̀ tí oko wọn wà láyìíká ọgbà ìwádìí náà kò gbà á.

Ẹlòmíràn á yára sọ pé àìmọ̀kan ló fà á, pé àgbẹ̀ ayé ìgbà náà kò fẹ́ ohun tuntun. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ kan náà yìí ló gba kòkó tọwọ́tẹsẹ̀, tó fi jẹ́ pé láàárín ìran kan, igbó Ìbàdàn, Ifẹ̀ àti Oǹdó kún fún un. Ẹni tó lè gbin igi tí kò ní í so fún un títí ọdún mélòó kan kì í ṣe ẹni tó ń sá fún ohun tuntun. Ìṣirò ni wọ́n ṣe, ìṣirò wọn sì tọ̀nà. Ilẹ̀ pọ̀ nígbà náà. Àgbẹ̀ a dáko sí ojú kan fún ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin, a fi í sílẹ̀, a mú ibòmíràn. Kí ó tó padà síbẹ̀, ọdún mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá á ti lọ. Igi á ti hù, ewé á ti já lé ewé, òjìji á ti pa èpò, ilẹ̀ á ti dúdú. Igbó ló ṣe gbogbo iṣẹ́ yẹn lọ́fẹ̀ẹ́. Ta ni yóò wá máa fi ọkọ́ àti òógùn ojú gbin ohun tí ẹnu kì í jẹ, tí ọjà kì í rà, láti fi ṣe iṣẹ́ tí igbó ń bá a ṣe láìgba kọ́bọ̀?

Ohun tó yí padà láti ìgbà náà ni ilẹ̀. Ìkànìyàn ọdún 1952 sí 1953 ka bí 30 mílíọ̀nù ènìyàn ní Nàìjíríà. Lónìí a ti ju 200 mílíọ̀nù lọ. Ilé gba oko, ọ̀nà gba oko, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò pín ìyókù. Ibi tí bàbá àgbà ti ń fi ilẹ̀ sílẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá, ọmọ-ọmọ rẹ̀ kò lè fi í sílẹ̀ ju ọdún kan tàbí méjì lọ. Níbòmíràn, kò tilẹ̀ sí ìsinmi rárá. Igbó tó ń ṣiṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ ti lọ, iṣẹ́ náà sì wà nílẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi sọ pé àsìkò ohun ọ̀gbìn abolẹ̀, ìyẹn ohun tí a gbìn kó lè bo ilẹ̀, kó bọ́ ọ, kó sì lé èpò, ti tó báyìí ju bó ṣe tó lọ́gọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ kí àgbẹ̀ gbà á kò gbọdọ̀ fi ìwàásù nípa ọ̀rá ilẹ̀ ṣáájú. Ìyà tó ń jẹ àgbẹ̀ lóko lọ́dún yìí ni kó fi ṣáájú, níbi púpọ̀ nílẹ̀ wa, koríko èkan sì ni olórí ìyà náà.

Kí n tó dé ọ̀dọ̀ èkan, ẹ jẹ́ ká wo ohun tí ojú ilẹ̀ tó wà ní ìhòòhò ń rí. Láàárín àwọn ọdún 1970, Rattan Lal, ọmọ Íńdíà tó padà gba Ẹ̀bùn Oúnjẹ Àgbáyé ní 2020, ń ṣiṣẹ́ ní IITA, ibùdó ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ n'Íbàdàn ní 1967. Ó ń wọn erùpẹ̀ tí òjò ń gbé lọ. Lórí ilẹ̀ tó dagẹ̀rẹ̀, tí kò sí ewéko kankan lórí rẹ̀, ó rí i pé erùpẹ̀ tó ń kúrò lórí hẹ́kítà kan lọ́dún kan lè ju 100 tọ́ọ̀nù lọ. Níbi tí wọ́n bá ti da ewé àti pòròpórò gbígbẹ tó tó tọ́ọ̀nù 4 sí 6 lé hẹ́kítà kan, ohun tí òjò ń rí gbé kò tó nǹkan. Kì í ṣe pé omi kàn ń ṣàn nìkan. Ẹ̀kán òjò ilẹ̀ wa wúwo. Bó bá ti ń bọ́ lu erùpẹ̀ gbẹrẹfu, ó ń fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́, wẹ́wẹ́ náà á dí ihò tí omi ń gbà wọlẹ̀, omi tí kò ríbi wọlẹ̀ á wá gbá gbogbo rẹ̀ lọ sí ipadò. Oòrùn náà ń ṣe tirẹ̀. Ní ìparí ẹ̀ẹ̀rùn sí ìbẹ̀rẹ̀ òjò, ooru inú ilẹ̀ tí kò ní ìbora n'Íbàdàn, ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 5 sísàlẹ̀, máa ń kọjá 40 lórí ìwọ̀n Celsius. Àgbàdo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ta gbòǹgbò kò lè gbádùn nínú irú ooru bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ti gbẹ́ ilẹ̀ rí ní agbègbè Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́ mọ̀ pé ilẹ̀ dúdú tó wà lókè kò nípọn. Kò pẹ́ tí ọkọ́ á fi kan òkúta wẹ́wẹ́ àti amọ̀ pupa. Nínú ìpele fẹ́ẹ́rẹ́ yẹn ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ oúnjẹ wa ti ń wá, òun náà sì ni òjò ń kọ́kọ́ gbé lọ.

Bí ohun ọ̀gbìn abolẹ̀ bá jẹ́ ìdílé ẹ̀wà, ó ń ṣe ju ìbora lọ. Ẹ rọra fa ẹ̀wà kan tu ní bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn tí ẹ gbìn ín, kí ẹ gbọn erùpẹ̀ ara gbòǹgbò rẹ̀ dànù. Ẹ ó rí kókó róbótó-róbótó tó lẹ̀ mọ́ ọn, òmíràn tó hóró ọkà bàbà, òmíràn kò tó bẹ́ẹ̀. Ẹ fi èékánná là á. Bí inú rẹ̀ bá pupa, iṣẹ́ ń lọ níbẹ̀. Bó bá funfun, iṣẹ́ kò tíì bẹ̀rẹ̀. Bó bá ti di àwọ̀ ewé, iṣẹ́ ti tán. Inú kókó yìí ni àwọn kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí ń gbé. Wọ́n ń gba náítírójìn láti inú afẹ́fẹ́, wọ́n ń sọ ọ́ di oúnjẹ fún ẹ̀wà, ẹ̀wà náà sì ń fún wọn ní ṣúgà tó ti ara ewé rẹ̀ wá. Náítírójìn yìí kan náà ni ilé iṣẹ́ ńláńlá ń fi gáàsì àti ooru ṣe, tí wọ́n ń dì sínú àpò yúríà tí àgbẹ̀ ń rà lówó gọbọi. Nígbà tí ewé bá já, tí ìtàkùn gbẹ, tí gbòǹgbò jẹrà, ilẹ̀ á gbà á sínú, àgbàdo ọdún tó tẹ̀ lé e á sì rí i jẹ. Nínú àdánwò tí wọ́n ṣe ní Gánà àti Bẹ̀nẹ̀, àgbàdo tó tẹ̀ lé mucuna, tí wọn ò fi yúríà kankan sí, mú tọ́ọ̀nù 3 sí 4 wá lórí hẹ́kítà kan. Ibi tó jẹ́ pé àgbàdo àti ẹ̀wà ló ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ kò mú ju nǹkan bí tọ́ọ̀nù 1.3 lọ.

Kí ẹnikẹ́ni má ka iye yìí sí ìlérí fún gbogbo oko o. Mucuna lè mú náítírójìn nínú afẹ́fẹ́, àmọ́ kò sí phosphorus nínú afẹ́fẹ́, kò sí potassium níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ohun ọ̀gbìn nílò àwọn náà. Ilẹ̀ tí phosphorus bá ti tán nínú rẹ̀, mucuna fúnra rẹ̀ á rí kúrékúré níbẹ̀, ìwọ̀nba ewé tó bá sì mú jáde náà ni yóò fi bọ́ ilẹ̀. Irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ nílò ìgbẹ́ adìẹ, tàbí ajílẹ̀ mìíràn tó ní phosphorus nínú, kí ohun ọ̀gbìn abolẹ̀ tó lè rí ẹsẹ̀ dúró. Àwọn tó ń polówó mucuna bíi pé ó ń wo gbogbo àrùn ilẹ̀ sàn ló ń bà á lórúkọ jẹ́.

Ní gúúsù orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, ilẹ̀ pupa kan wà tó gba ọ̀dọ̀ àwọn Adja ní ẹkùn tí à ń pè ní Mono ní àwọn ọdún 1980, tó sì tún wà ní Sákétẹ́, Pọ̀bẹ̀ àti Kétu, níbi tí àwọn ènìyàn wa ń gbé. Ilẹ̀ ti há mọ́ àgbẹ̀ níbẹ̀ kó tó há tó báyìí lọ́dọ̀ tiwa. Ní ìparí àwọn ọdún 1980, àwọn olùwádìí ìjọba Bẹ̀nẹ̀, pẹ̀lú àwọn alábàáṣiṣẹ́ láti IITA àti láti Netherlands, lọ bá àwọn àgbẹ̀ ní Mono, wọ́n sì fi oríṣiríṣi ọ̀nà tí a lè fi tún ilẹ̀ ṣe hàn wọ́n. Wọ́n fi bí a ṣe ń gbin igi lẹ́sẹẹsẹ sáàárín oko hàn wọ́n, wọ́n sì fi mucuna hàn wọ́n. Ọ̀rá ilẹ̀ ni àwọn olùwádìí ń rò. Àwọn àgbẹ̀ ló rí ohun tí olùwádìí kò fi ṣáájú: níbi tí mucuna bá ti bo ilẹ̀ dáadáa, èkan ń kú. Ọ̀rọ̀ yìí ló gba ẹnu àgbẹ̀ dé etí àgbẹ̀. Àwọn tó kọ́kọ́ dán an wò ní abúlé Zouzouvou kò ju bí ogún lọ. Nígbà tó fi máa di 1996, wọ́n ṣírò rẹ̀ pé àwọn tó ti gbìn ín káàkiri Bẹ̀nẹ̀ tó 10,000. Ohun ọ̀gbìn kan náà tí àgbẹ̀ Ìbàdàn kọ̀ ní àwọn ọdún 1920 ni àgbẹ̀ Mono lọ béèrè fúnra rẹ̀, torí pé iṣẹ́ tó ń bá a ṣe yàtọ̀.

Ẹni tí kò bá mọ èkan lè máa rò pé koríko lásán ni. Ẹ fi àdá gé e lónìí, kí ọjọ́ mélòó kan tó kọjá ẹ ó ti rí ọ̀mùnú tuntun. Ìdí ni pé ilẹ̀ ni èkan fi ṣe ilé. Lábẹ́ rẹ̀ ni ìtàkùn funfun kan wà, oníkókó-oníkókó, tí ṣóńṣó rẹ̀ le tó sì mú tó fi lè gún iṣu nínú ebè, kí iṣu náà máa ti ibẹ̀ jẹrà. Kókó kọ̀ọ̀kan ló lè di èkan tuntun, nítorí náà ọkọ́ tí a fi gé e sí ọ̀nà mẹ́ta ti bá a bímọ ni. Iná ọ̀dàn kò rí i ṣe. Ewé ló jó, ìtàkùn kò mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀, bí òjò àkọ́kọ́ bá sì ti rọ̀, òun ló máa kọ́kọ́ rú. Oko tó ti di ti èkan, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ á ro ó lẹ́ẹ̀mẹta tàbí lẹ́ẹ̀mẹrin kí àgbàdo tó gbó, tí kò bá sì ní owó alágbàṣe, á fi ilẹ̀ náà sílẹ̀ fún èkan. Ohun tí èkan kò lè fara dà ni òjìji. Bí kò bá rí oòrùn, kò ní oúnjẹ tí yóò fi ránṣẹ́ sí ìtàkùn abẹ́ ilẹ̀, ìtàkùn náà á máa jẹ ohun tó ti kó pamọ́ títí yóò fi tán. Iṣẹ́ tí igbó ń ṣe nìyẹn láyé àtijọ́; mucuna ń ṣe é ní ìwọ̀n oṣù mélòó kan, torí pé ewé rẹ̀ pọ̀, ó ń gùn lé èkan lórí, ó ń tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀, ó sì ń bò ó mọ́lẹ̀. Kì í pa á tán lọ́dún kan níbi tó bá ti le gan-an. Ẹni tó bá tún un gbìn lọ́dún kejì, tó ń fa ìwọ̀nba tó ṣẹ́ kù tu, ló ń rí ìsinmi.

Àwọn tó ń tako ọ̀rọ̀ yìí ní ẹjọ́ tó yẹ ká gbọ́. Èkíní ni pé a kì í jẹ ẹ́. Òótọ́ ni. Hóró mucuna ní èròjà kan tí wọ́n ń pè ní L-dopa, èyí tí àwọn oníṣègùn ń lò fún àwọn tí àrùn Parkinson ń dà láàmú. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá jẹ hóró náà bí ẹni jẹ ẹ̀wà lè bì, orí rẹ̀ sì lè dàrú. Ní 1989, ní Mòsáńbíìkì, nígbà tí ogun àti ọ̀dá mú ebi wọ̀lú, àwọn tó jẹ ẹ́ láìṣe é bó ṣe yẹ ya wèrè fún ìgbà díẹ̀. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún àgbẹ̀ pé oúnjẹ ni. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́, ìyẹn sì ni kò jẹ́ kí n gbà pé mucuna nìkan ló yẹ ká máa polówó. Àwọn ohun abolẹ̀ tí ẹnu ń jẹ ti wà lọ́wọ́ wa tipẹ́. Ẹ̀gúsí tí àwọn ìyá wa máa ń gbìn sáàárín iṣu, àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ kì í ṣe àṣedànù. Ewé rẹ̀ ń tàn kálẹ̀ kí ẹ̀gẹ́ tó ga, ó ń bo ilẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí èpò ń yára hù jù. Ìwádìí tí àwọn onímọ̀ èpò ṣe n'Íbàdàn fi hàn pé bó bá pọ̀ tó nílẹ̀, ó ń dín ìroko kù, owó rẹ̀ sì ń wọlé lọ́tọ̀. Ọ̀dùnkún ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀wà tó ń tàn kálẹ̀ ń ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì tún ń fi náítírójìn díẹ̀ sílẹ̀. Òtílí, tí ọjà rẹ̀ kò pọ̀ mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, ń ta gbòǹgbò jinlẹ̀, ó ń fa oúnjẹ tó ti rì sísàlẹ̀ padà sókè, ewé rẹ̀ tó ń já sì ń kún ilẹ̀. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó lè bá èkan jà bíi mucuna, àmọ́ ilẹ̀ tí kò tíì di ti èkan kò nílò mucuna. Ilẹ̀ ni kó sọ èyí tó fẹ́.

Èkejì ni pé sáà kan yóò ṣòfò. Àgbẹ̀ tó ní éékà méjì péré, báwo ni yóò ṣe fi ọ̀kan sílẹ̀ fún ohun tí kò ní tà? Ìbéèrè gidi ni, ọ̀nà tí wọ́n fi ń dáhùn rẹ̀ sì wà. Àgbẹ̀ kò ní fi àkọ́rọ̀ sílẹ̀. Yóò gbin àgbàdo rẹ̀ bó ṣe máa ń gbìn ín. Nígbà tí àgbàdo bá ti pé bí ọjọ́ 40 sí 45, tó ti ga, tí wọ́n ti ro ó lẹ́ẹ̀kejì, yóò fi mucuna sáàárín rẹ̀, hóró méjì sí ihò kan. Bó bá gbìn ín ṣáájú ìgbà yẹn, yóò gun àgbàdo lórí, yóò sì tẹ̀ ẹ́ pa. Bó bá pẹ́ jù, òjò lè lọ kó tó bo ilẹ̀. Wọn á ya àgbàdo, mucuna á gba oko, á lo òjò àrọ̀kúrò, á sì gbẹ fúnra rẹ̀ nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Ohun tí àgbẹ̀ máa bá nílẹ̀ ní àkọ́rọ̀ tó tẹ̀ lé e ni ẹní ewé gbígbẹ tó nípọn, tí ekòló ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀. Yóò fi àdá la ojú ihò, yóò gbin àgbàdo sí i láìkọ ilẹ̀. Ohun tó pàdánù ni àgbàdo àrọ̀kúrò, èyí tó jẹ́ pé lórí ilẹ̀ tó ti ṣá, kì í sábà mú nǹkan gidi wá. Bí ó bá yọ owó ìroko, owó yúríà àti owó kíkọ ilẹ̀ kúrò nínú ìnáwó ọdún kejì, ó di dandan kí ìṣirò náà yàtọ̀. Ẹlẹ́gẹ̀ẹ́ ni kò gbọdọ̀ gbìn ín sáàárín oko rẹ̀ bẹ́ẹ̀, torí pé ẹ̀gẹ́ ń pẹ́ nílẹ̀, mucuna kò sì ní jẹ́ kó mí. Ẹ̀gúsí ni tirẹ̀.

Ẹ̀kẹta, tí mo rò pé òun ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ àgbẹ̀ gbà gbọ́ jù, ni pé apakoríko wà, ajílẹ̀ òyìnbó wà, kí la tún ń yọ ara wa lẹ́nu sí? N kò ní purọ́ pé apakoríko kò ṣiṣẹ́. Èyí tó ní glyphosate nínú ń dé inú ìtàkùn èkan, ó sì ń pa á. Ṣùgbọ́n nígbà tí èkan tó kú náà bá jẹrà tán, ojú ilẹ̀ á wà ní ìhòòhò, òjò tó ń gbé 100 tọ́ọ̀nù sì wà lọ́nà. Oògùn náà kò fún ilẹ̀ ní nǹkan kan, lọ́dún tó ń bọ̀ àgbẹ̀ á tún rà á, ayédèrú rẹ̀ sì pọ̀ lọ́jà. Ní ti ajílẹ̀ òyìnbó, gbogbo wa la rí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 2022 nígbà tí ogun Rọ́ṣíà àti Ukraine gbé iye rẹ̀ fò sókè káàkiri ayé, kí náírà tó tún já wálẹ̀ ní 2023. Àgbẹ̀ tí ilẹ̀ rẹ̀ kò ní ọ̀rá kankan bí kò ṣe èyí tó bá rà lọ́jà ti fi oko rẹ̀ sọ́wọ́ àwọn tí kò mọ̀ ọ́n rí. Bákan náà, ilẹ̀ tí ewé ti jẹrà sínú rẹ̀ ń di ajílẹ̀ tí a bá rà mú dáadáa. Ilẹ̀ gbẹrẹfu ń jẹ́ kí òjò fọ̀ ọ́ lọ. Ẹni tó fẹ́ lo ajílẹ̀ òyìnbó gan-an yóò rí èrè rẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ tí ilẹ̀ rẹ̀ bá ní ìbora.

Fún àwọn tó yàn láti máa dáko láìlo kẹ́míkà, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àṣàyàn. Láti 2004 ni ètò OAPTIN ti wà ní yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ l'Ábẹ́òkúta, tó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ àgbẹ̀ tí kò lo kẹ́míkà, àwọn oníbàárà tó ń béèrè irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ l'Ékòó àti n'Íbàdàn sì ń pọ̀. Òfin irú iṣẹ́ àgbẹ̀ yìí kò gba yúríà, kò gba apakoríko. Ibo ni náítírójìn yóò ti wá? Ìgbẹ́ ẹran àti adìẹ ni ọ̀pọ̀ ń rù wá láti ọ̀nà jíjìn, ìyẹn sì dára fún ọgbà ẹ̀fọ́. Fún oko àgbàdo hẹ́kítà márùn-ún, kò sí iye ọkọ̀ tí a lè fi kó o tí kò ní di àdánù. Ohun ọ̀gbìn abolẹ̀ ń ṣe ajílẹ̀ sójú ibi tí a ti máa lò ó gan-an, kò nílò ọkọ̀.

Èyí tó le jù nínú gbogbo àtakò ni ọ̀rọ̀ ẹni tó ni ilẹ̀. Oko kì í jẹ́ ti bàbá àti ti ọmọ kó má ní ààlà, ẹni tí kò sì mọ bóyá òun ni yóò dáko síbẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀, kí ni yóò fi ọdún yìí bọ́ ilẹ̀ fún? Àgbẹ̀ tó ń san ìṣákọ́lẹ̀, tàbí tó yá ilẹ̀ ní ọdọọdún, mọ̀ pé bí ilẹ̀ bá ti padà dúdú, ẹni tó ni ín lè gbà á, kó fún ọmọ rẹ̀, tàbí kó fi owó lé owó. Obìnrin tó ń dáko lórí ilẹ̀ ìdílé ọkọ rẹ̀ wà nínú ewu kan náà. Ní àríwá orílẹ̀-èdè Hondúrásì, àwọn àgbẹ̀ orí òkè fúnra wọn ló ń kọ́ ara wọn ní àgbàdo àti mucuna láti àwọn ọdún 1970, láìsí pé ìjọba rọ̀ wọ́n, ó sì dé ibi pé ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn ló ń ṣe é. Láàárín àwọn ọdún 1990 ọ̀pọ̀ wọn fi í sílẹ̀. Kì í ṣe pé mucuna kò ṣiṣẹ́ mọ́. Àwọn ọlọ́sìn màlúù ń ra ilẹ̀, ilẹ̀ tí àgbẹ̀ kékeré lè rí yá ń dín kù, koríko alágídí kan tún wọ inú oko. Nígbà tí ilẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ wọn, ìmọ̀ náà kò ríbi dúró sí. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ fún wa ni pé àdéhùn ilẹ̀ ọlọ́dún mẹ́ta tàbí márùn-ún, tí a kọ sílẹ̀ lójú ẹlẹ́rìí, jẹ́ apá kan iṣẹ́ bíbo ilẹ̀ gẹ́gẹ́ bí irúgbìn ṣe jẹ́. Àwọn baálẹ̀ àti olórí ìdílé ló wà nípò láti ṣe é, kò sì ná wọn ní nǹkan kan.

Iná àti màlúù ṣẹ́ kù. Mucuna gbígbẹ nínú oṣù kejì ń jó fòfò, iná ọdẹ kan ṣoṣo sì lè sọ iṣẹ́ ọdún kan di eérú. Ẹni tó gbìn ín gbọ́dọ̀ la ààlà gbígbòòrò yí oko rẹ̀ ká kí ẹ̀ẹ̀rùn tó mú. Màlúù fẹ́ràn ewé rẹ̀, pàápàá nígbà tí koríko mìíràn ti gbẹ, ọ̀rọ̀ darandaran nílẹ̀ wa sì kọjá ohun tí àgbẹ̀ kan lè dá yanjú. Ibi tí àwọn àgbẹ̀ bá ti gbìn ín papọ̀ ní adúgbò kan, ìṣọ́ rẹ̀ á rọrùn ju ibi tí oko ẹnì kan ti dá tutù láàárín ọ̀dàn. Àwọn kan ń bẹ̀rù ejò àti eku, ẹ̀rù náà kò jọ àsọdùn lójú mi: bàtà gígùn ni kí wọ́n fi wọ inú rẹ̀, kí ọmọdé má sì bá wọn dé ibẹ̀.

Ní ti irúgbìn, ìtàn Bẹ̀nẹ̀ ní ìkìlọ̀ nínú. Láàárín àwọn ọdún 1990, àwọn àjọ tó ń polówó mucuna ń ra hóró rẹ̀ lọ́wọ́ àgbẹ̀ kí wọ́n lè pín in fún àwọn mìíràn. Àwọn kan gbìn ín nítorí ọjà yẹn nìkan, nígbà tí ọjà náà sì dáwọ́ dúró, wọ́n dáwọ́ dúró. Àwọn tó gbìn ín nítorí èkan ló ní ìdí láti tẹ̀síwájú. Bí ìjọba ìpínlẹ̀ kan nílẹ̀ Yorùbá bá fẹ́ ṣe é lónìí, kí ó má fi owó ra ìfẹ́ àgbẹ̀. Kí ó wá abúlé tí èkan ti gba oko wọn, láti Òkè-Ògùn dé Ẹ̀gbádò, kí ó fún àwọn tó bá fẹ́ ní irúgbìn ìbẹ̀rẹ̀, kí àwọn tó bá kórè hóró dá iye tí wọ́n gbà padà fún àwọn tó kù. Àwọn olùwádìí wà ní Moor Plantation títí dòní, ní ojú ibi tí wọ́n ti ń gbìn ín ní 1922. Iṣẹ́ wọn ni láti wá irú èyí tó ń tètè gbó àti èyí tí kì í gun igi jù. Kí wọ́n sì jẹ́ kí àgbẹ̀ sọ ohun tí wọ́n rí.

Ẹ̀yin àgbẹ̀ tí ẹ ń ka ìwé yìí, ẹ má fi gbogbo oko yín dán an wò. Ẹ yan igun tí èkan ti le jù, èyí tí ẹ ti fẹ́ pa tì. Ẹ gbin mucuna sáàárín àgbàdo ibẹ̀ nígbà tí àgbàdo bá ti pé ogójì ọjọ́, kí ẹ sì fi igun kejì tó jọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe wà. Ní àkọ́rọ̀ tó ń bọ̀, ẹ ka iye ìgbà tí ẹ ro ìkọ̀ọ̀kan, ẹ wọn àgbàdo tó ti inú ìkọ̀ọ̀kan jáde, kí ẹ sì pe aládùúgbò yín wá wò ó.